Kinthup ló fẹsẹ̀ rin àfonífojì Tsangpo

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí, ó ti pẹ́ tọ́rọ̀ Kinthup, ọmọ orí òkè tí wọ́n rán lọ wá ibi tí odò Tsangpo ní Tibet ń ṣàn lọ, ti ń dùn mí, torí orúkọ òyìnbó kan, Bailey, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ tí wọ́n bá ń sọ ìtàn odò yẹn.

Nígbà táwọn òyìnbó tó ń wọnlẹ̀ ní Íńdíà ń ya máàpù òkè Himalaya, wọn ò ráyè wọ Tibet, wọn ò gba àjèjì níbẹ̀, àwọn ọmọ orí òkè ni wọ́n wá ń rán. Ọ̀kan nínú wọn, Nain Singh, dé Lhasa, olú ìlú Tibet, ní 1866, ìlẹ̀kẹ̀ bíi tẹ̀sùbáà ló ń fà lọ́wọ́, ẹyọ 108 ló yẹ kó wà níbẹ̀ àmọ́ 100 ni wọ́n sín fún un, tó bá ti gbé ìṣísẹ̀ 100 á fa ẹyọ kan kọjá, bó ṣe ń ka bí ọ̀nà ṣe jìn tó nìyẹn. Mákúrì, irin olómi tó ń lò bíi dígí tó bá ń wọn gíga ìràwọ̀, inú owó ẹyọ ló rọ ọ́ sí. Owó ẹyọ o!

Ti Kinthup ló wá ká mi lára jù. 1880 ni wọ́n rán an kó lọ wò ó bóyá odò Tsangpo ló ń ya àárín òkè wá di Brahmaputra. Láámà, ìyẹn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà, tí wọ́n jọ lọ tà á lẹ́rú. Ó sá, láámà míì tún fi rúpìì 50 rà á, ó bá ń tọrọ àyè lọ síbi mímọ́, àṣé igi ló ń gé nínú igbó, ó gé ìtì igi 500, ó fi àmì sí wọn, ó kó wọn pa mọ́ sínú ihò àpáta, nígbà tó yá ó ń ju 50 sódò Tsangpo lójúmọ́ fọ́jọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọ́n á já sí Brahmaputra. Lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa ṣọ́ igi yẹn ò tètè dé, kò sẹ́ni tó ṣọ́ ọ.

Ọdún mẹ́rin ló lò kó tó padà. Kò mọ̀wé, ó ń sọ ọ́ lẹ́nu, ẹlòmíì ń kọ ọ́, akọ̀wé wá kọ ọ́ pé omi kan já látòkè bíi ẹsẹ̀ bàtà 150 lójú odò náà, Kinthup ò sì lè kà á kó tún un ṣe. Ó padà sídìí iṣẹ́ aránṣọ ní Darjeeling. Ìgbà tí Bailey àti Morshead, àwọn òyìnbó ológun méjì, wọnú àfonífojì náà ní 1913 tí wọ́n wọn omi tó já látòkè yẹn, bíi ẹsẹ̀ bàtà 30 ni wọ́n bá, àmọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí bàbá yẹn sọ ló rí bó ṣe sọ ọ́.

Olóòtú, ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá tún máa tẹ ìtàn odò yẹn, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ Kinthup kẹ́ ẹ tó kọ ti Bailey.

Èmi ni, òǹkàwé yín.