Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi: kí ló dé tẹ́ ò gbé fóònù?

Bọ̀dá mi,

Ọmọ yín ló fà á. Àárọ̀ Fúráìdè ni, ó ń wá ẹ̀wù funfun tó máa wọ̀ jáde, ẹ ṣá mọ bí Salvador, ìlú wa ní Brazil níbí, ṣe ń funfun ní Fúráìdè nítorí Òṣàlá, Ọbàtálá tiwọn, ló bá fa Ghana-must-go yín jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí mi ò fọwọ́ kàn látọjọ́ tá a ti sin yín. Nísàlẹ̀ pátápátá ni jẹ́sì àtijọ́ kan wà, ti Bahia, kílọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù yín, ẹ fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń di ẹrù ránṣẹ́ sílé. Apá ọ̀tún ẹ̀ ti ya. Mo gbọ̀n ọ́n, eruku bíi ti símẹ́ńtì dà sílẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì kan sì já bọ́ tẹ̀lé e. Mo ka déètì ẹ̀, 25 November 2007, orí òkè lọ́hùn-ún ni àyè tí wọ́n kọ sí i. Mo jókòó sílẹ̀.

Ilé lẹ ní ẹ wà lọ́jọ́ yẹn o, Bọ̀dá mi. Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́ fún mi.

Ìbàdàn ni mo wà nígbà yẹn. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni rédíò gbé e pé pápá bọ́ọ̀lù kan ní ìpínlẹ̀ Bahia ti já lókè, pé èèyàn méje kú. Màmá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe gbọ́ Bahia báyìí ni wọ́n gbé atẹ sílẹ̀. Mo sáré lọ ra káàdì ìpè, mo pè yín, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e, mo tún pè, mo lọ ra káàdì míì, ọjọ́ méjì gbáko. Ẹ̀wà tí Màmá rẹ sínú omi wú títí ó fi kan, kò sẹ́ni tó rántí gbé e kaná. Alẹ́ Wẹ́sìdè lẹ tó pè, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì jáde lẹ́nu yín ni "A ti gòkè o! Bahia ti kúrò ní Série C!" Líìgì ìpele kẹta nìyẹn. Ẹ ò béèrè Màmá. Mo ní ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni, ẹ ní rárá, ilé lẹ wà, rédíò lẹ ti gbọ́ ọ, fóònù yín ló bà jẹ́.

Mo bínú sí yín fún ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo rò pé bọ́ọ̀lù ti gba ọkàn yín kọjá ìyá tó bí yín.

Nígbà tí mo wá bá yín níbí ní 2014, ẹ mú mi lọ sétí adágún omi Dique do Tororó lọ́jọ́ kejì tí mo dé, àárẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ò tíì kúrò lára mi. Ẹ ní kí n wo ère Ọ̀ṣun, Ṣàngó, Yemọja, Ògún, bí wọ́n ṣe dúró lórí omi, kí n sì wo pápá lẹ́yìn wọn. Ẹ ra àkàrà elépo fún mi lọ́wọ́ ìyá kan tó wọṣọ funfun, ẹ bá ìyá yẹn rẹ́rìn-ín bí ẹni pé Ọjà Ọba la wà. Ibẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù kílọ́ọ̀bù àwọn olówó méjì tó pa bọ́ọ̀lù tì ṣe kó ara wọn jọ dá Bahia sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1931, tí wọ́n ní a bí i láti borí ni, tó sì di ti gbogbo mẹ̀kúnnù ìlú yìí. Bí wọ́n ṣe na Santos, ilé Pelé, 3-2 nílé wọn, tí Santos wá san án 2-0 ní Salvador, tí Bahia wá fi 3-1 pa á dé ní Maracanã ní March 1960, tó fi jẹ́ pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gba Taça Brasil, ife gbogbo Brazil, àwọn náà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣojú Brazil ní Libertadores, ife àwọn kílọ́ọ̀bù Gúúsù Amẹ́ríkà. Bobô, agbábọ́ọ̀lù Bahia, àti góòlù ẹ̀ méjèèjì sí Internacional ní 1989, mo ti há ìyẹn sórí nítorí yín.

Èyí tẹ́ ẹ máa ń sọ tí ohùn yín á wálẹ̀ ni ti Nildo. November 1969, Fonte Nova, pápá tó padà já yẹn, kún fọ́fọ́, Pelé ti ní góòlù 999, ó ku ẹyọ kan. Bọ́ọ̀lù ti ń lọ sínú àwọ̀n, Nildo sáré dé, ó gbá a dànù lórí ìlà. Àwọn ará Bahia fúnra wọn ló hó lé e lórí, ọmọ tiwọn, nítorí ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Ẹ máa ń ní, "Ó gba ilé lẹ́nu ikú, wọ́n bú u." Mo máa ń wò yín, mo máa ń fẹ́ sọ pé èmi náà nìyẹn. Èmi ni mo jókòó ti Màmá. Nígbà tí wọ́n kú ní 2010, ẹ ní owó ọkọ̀ ò sí, mo gbà, èmi nìkan ni mo dá sin wọ́n, àwọn ẹbí sì tún ní mi ò ṣe é tó. Lóṣù yẹn náà lẹ fi fọ́tò yín ránṣẹ́ láti pápá Pituaçu, ẹ ń rẹ́rìn-ín, nítorí Bahia ti padà sí Série A.

Àmọ́ látàárọ̀ Fúráìdè ni mo ti ń ro àwọn nǹkan kan. Nínú pápá tuntun tí wọ́n kọ́ sípò èyí tí wọ́n wó, ẹ ò jẹ́ kí á jókòó lókè rí láéláé. Tí àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ẹ máa di irin mú. Tó bá ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ti ń fà mí sọ̀kalẹ̀, mo rò pé ẹ̀rù kí Bahia má jẹ góòlù ló ń bà yín ni. Ó ti fẹ́ parí náà ni kọnkéré yẹn já lọ́jọ́ náà, àwọn ẹnjiníà ti sọ ọ́ lọ́dún yẹn pé pápá yẹn ò dáa, tí àwọn tó wà nílẹ̀ tún ń wọ inú pápá jó torí a ti gòkè. Ta ló di apá ẹ̀wù yín mú, Bọ̀dá mi? Ṣé ọwọ́ yín bọ́ ni àbí ọwọ́ ẹni yẹn? Ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Gbogbo ọdún tá a fi jọ sùn nínú yàrá kan yìí.

Ẹ lọ ní 2022, Bahia ṣì wà ní Série B. Ó gòkè lọ́dún yẹn. Àwọn tó ni Manchester City ra ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ní 2023, ọkàn mi ò tíì gbà á tán. Ní December ọdún náà a ṣáà fẹ́ já sísàlẹ̀, a na Atlético Mineiro 4-1, Santos ló já, ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. A ṣe ipò kẹjọ ní 2024, a padà sí Libertadores ní 2025, a ò débẹ̀ látọdún 1989. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Ọjà ò lọ. Obì tí mo kó wá fún àwọn ilé òrìṣà jẹrà lórí omi, ọṣẹ dúdú tó kù ò lè san owó ṣọ́ọ̀bù ní ọjà São Joaquim, oṣù mẹ́ta ni mo jẹ báyìí. Ọmọ yín mọ orin Yorùbá tí wọ́n ń kọ nílé òrìṣà, kò lè fi kí mi káàárọ̀. Àbúrò wa obìnrin pè láti Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mẹrin láná, owó ilé ìwosàn ni. Mo ń wo fóònù bó ṣe ń dún. Mi ò gbé e.

Ọmọ yín fẹ́ wọ jẹ́sì yẹn lọ wo Bahia àti Vitória, kílọ́ọ̀bù kejì nílùú yìí. Ó ní kí n rán apá ẹ̀, ó ní kí ló ya á. Mo ti fi òwú sínú abẹ́rẹ́ látàná, ó wà lórí tábìlì níbẹ̀, mi ò tíì lè rán an.