Ìtọ́jú tí wọn kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò yẹ lọ́jà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ojú àwọn tó ń wá ọmọ ń rí ní àwọn ilé ìwòsàn IVF, níbi tí wọ́n ti ń so ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ ní ìta ara, káàkiri Èkó. Bí wọ́n bá ti gbé ọlẹ̀ sínú ilé ọmọ obìnrin léraléra tí kò dúró, oríṣiríṣi àfikún ìtọ́jú ni wọ́n máa ń kà sí i létí: kí wọ́n ha ilé ọmọ rẹ̀, kí wọ́n fa omi ọlọ́ràá sí i nínú iṣan, kí ó máa lo oògùn prednisone tó ń dín agbára tí ara fi ń gbógun ti ohun àjèjì kù. Owó ọ̀tọ̀ ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó sì ti ta ilẹ̀, tó tún yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kì í ráyè bèèrè ẹ̀rí.

Ẹ̀rí náà sì wà. Nínú ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé jáde ní 2019, obìnrin 1,364 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ha ilé ọmọ àwọn kan, wọn kò ha ti àwọn yòókù, síbẹ̀ ìdá 26.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló bímọ láyọ̀ ní ìhà méjèèjì. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà náà dán prednisone wò lára obìnrin 715 tí ọlẹ̀ kì í dúró lára wọn, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2023: ìdá 37.8 bímọ nínú àwọn tó lo oògùn náà, ìdá 38.8 nínú àwọn tó lo oògùn tí kò ní agbára kankan. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé àwọn tó lo ojúlówó oògùn ló bímọ kóṣù-má-pé jù.

N kò kórìíra ìdánwò rárá. Ìdánwò ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashiru ṣe ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà kí a tó bí ọmọ IVF àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa ní 1989. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ dán nǹkan wò lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ aláìsàn ti fọwọ́ sí i, kí a má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ohun tí a ń dán wò, kí a sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde, ìbáà dára, ìbáà burú.

Àjọ HFEA tó ń bójú tó ìtọ́jú IVF ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi àwọ̀ sàmì sí irú àfikún bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè rí bí ẹ̀rí rẹ̀ ṣe lágbára tó. Mo bẹ Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó kí wọ́n pàṣẹ irú àkọsílẹ̀ yìí sára ògiri gbogbo ilé ìwòsàn IVF, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí ìyá ọkọ tó bá tẹ̀lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá lè kà á fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sanwó.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Sùúrùlérè, Èkó.