Hepatitis B: ọjọ́ orí tí àrùn wọ ara ni kí a kọ́kọ́ bèèrè

Sí Olóòtú,

Mo fi ọ̀wọ̀ kọ lẹ́tà yìí nítorí àpilẹ̀kọ kan tí ẹ gbé jáde lórí àrùn hepatitis B, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, níbi tí ẹni tó kọ ọ́ ti sọ pé ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lé e jáde láìlo oògùn. Òótọ́ ni fún àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o. Kì í ṣe òótọ́ fún ẹni tó ti ń gbé e láti kékeré. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún 26, lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún aláìsàn kan ní Ìlọrin, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí kòkòrò náà lára rẹ̀. Nígbà tó ka àpilẹ̀kọ yín tán, ó ní òun kò padà sílé ìwòsàn mọ́.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Ọ̀fà. Àwọn onímọ̀ tó ń fi ìṣirò tọpa àrùn yìí máa ń pín ará ìlú sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn tí àrùn kò tíì ràn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, àwọn tó ti wà lára wọn ju oṣù mẹ́fà lọ, àti àwọn tí ara wọn ti lé e. Wọ́n á wá ṣírò iye tó ń ti ìpín kan bọ́ sí òmíràn lọ́dọọdún. Ní ti hepatitis B, iye kan ṣoṣo kò lè tó fún tọmọdé tàgbà. Nínú 100 ọmọ tó kó o lára ìyá nígbà ìbí, nǹkan bí 90 ni yóò wà lára wọn pẹ́. Nínú 100 àgbàlagbà tó kó o, wọn kò tó 5. Ní 1993, W. J. Edmunds, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìṣirò àrùn wọ̀nyí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìlà ìṣirò kan hàn bí ewu yìí ṣe ń já wálẹ̀ kíákíá bí ọmọ ṣe ń dàgbà.

Bí ó bá ti wá fìdí kalẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 ni ara rẹ̀ ń lé e lọ́dún kan. Ẹ mú 1,000 èèyàn: lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó ṣì wà lára nǹkan bí 904; lẹ́yìn ogún ọdún, ó ṣì wà lára nǹkan bí 818, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ àwọn kan nínú wọn yóò ti máa le, tí jẹjẹrẹ yóò sì mú àwọn mìíràn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí a ṣe ń ka àbájáde àyẹ̀wò. Ká ní a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ọjà Owódé nílùú wa wò lónìí, tí àwọn ẹni ọgọ́ta ọdún tó ní in sì kéré sí àwọn ẹni ọdún márùndínlógójì, a kò gbọdọ̀ yára sọ pé ara àwọn àgbà ti lé e, torí ó lè jẹ́ pé àwọn tó ní in láàárín wọn ti kú. Bí àwọn ọmọdé tó ní in bá sì kéré níye, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìkókó ní 2004 ni kí a kọ́kọ́ rántí. Àyẹ̀wò ọjọ́ kan kò lè sọ èyí tó jẹ́ ìdí rẹ̀ nínú wọn: ara tó lé e ni, ikú ni, àbí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn èèyàn kan náà ni kí a máa yẹ̀ wò lọ́dọọdún, kí a sì kọ ọjọ́ orí wọn sílẹ̀, àti ti ìyá wọn bó bá ṣeé ṣe.

Láàárín wákàtí 24 tí a bí ọmọ ló yẹ kó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ní agbègbè wa, ọmọ tí a bí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń ní kí ìyá gbé padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nínú ìṣirò tí mo ti ṣàlàyé yìí, ọjọ́ mélòó kan yẹn kì í ṣe ohun kékeré.

A bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣáájú 2004. Nígbà tí mo bẹ ìyá rẹ̀ pé kí òun náà lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n rí i lára rẹ̀. Ọmọ náà ti padà sọ́dọ̀ dókítà báyìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi tẹ àlàyé yìí sójú ewé tí àpilẹ̀kọ ti ìṣáájú wà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìṣirò kan, Ọ̀fà, ìpínlẹ̀ Kwara