Ìkéde fún Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́ Agbanisíṣẹ́ lórí Àtúnṣe Òfin Iṣẹ́

A fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ pé, bí òfin iṣẹ́ bá ti yí padà, ìwé àdéhùn tí a ti ń lò bọ̀ kò ṣeé gbára lé mọ́. Kí ẹ tó gba òṣìṣẹ́ tuntun, ẹ tún owó oṣù, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi àti àkókò ìdánwò (ìgbà tí a fi ń wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kí a tó gbà á pátápátá) inú ìwé àdéhùn náà yẹ̀ wò.

Ìyọnilẹ́nu-iṣẹ́ ló sábà máa ń di ẹjọ́. Àdéhùn 158 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, ṣe lọ́dún 1982 là á kalẹ̀ pé ìdí tó múná dóko gbọ́dọ̀ wà, yálà ìwà òṣìṣẹ́, àìkójú-òṣùwọ̀n rẹ̀, tàbí ipò tí ilé iṣẹ́ wà. Oyún tàbí wíwà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe ìdí. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òfin ló bá a mu. Nítorí náà, lẹ́tà onílà kan tó ní “a kò nílò rẹ mọ́” kò tó: ẹni tí a fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ ráyè wí tẹnu rẹ̀ kí a tó yọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yọ òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ fi lẹ́tà náà han agbẹjọ́rò ẹgbẹ́.