Ọkọ̀ onígbòkun kì í ṣe ti ará Èkó nìkan o

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Mo ka ohun tí ẹnìkan kọ sójú ewé eré ìdárayá yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ibi tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lọ nìkan ni ọkọ̀ onígbòkun lè lọ, àti pé káwa tá a wà lórí òkè l'Ékìtì níbí má wulẹ̀ da ara wa láàmú, eré olówó Èkó ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ti àkọ́kọ́ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìkejì náà sì ní ọ̀rọ̀ nínú.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé là ń pè ní windward, ẹ̀gbẹ́ kejì ni leeward. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ yìí ò lè kọjú sí atẹ́gùn gbọnrangandan, tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ìgbòkun, aṣọ ńlá tó ń gba atẹ́gùn, á kàn máa gbọ̀n ni, ọkọ̀ á dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bíi digirí 45 sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ìgbòkun á kún, á tẹ̀, atẹ́gùn tó ń gba ara rẹ̀ kọjá á sì máa fà á. Ẹ̀gbẹ́ ni agbára yẹn fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ o, àmọ́ pátákó gbọọrọ kan wà lábẹ́ ikùn ọkọ̀ nínú omi tí ò ní gbà, centreboard ni ti ọkọ̀ kékeré, keel ni ti ńlá. Nígbà tí ò wá rí ẹ̀gbẹ́ gbà, iwájú ló máa sún sí.

Tó bá wá jẹ́ pé ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ gan-an lẹ̀ ń lọ, ẹ gba ọ̀tún díẹ̀, ẹ yí imú ọkọ̀ la ojú atẹ́gùn kọjá, ẹ gba òsì, ẹ tún yí i. Tacking nìyẹn. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ gòkè Ẹ̀fọ̀n rí ti mọ̀ ọ́n, kò ní gùn ún tààrà, á máa yà sọ́tùn-ún yà sósì títí á fi dókè.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé atẹ́gùn ẹ̀yìn ló rọrùn jù. Tẹ́ ẹ bá ń yí ìdí ọkọ̀ kọjá nínú atẹ́gùn, ìyẹn gybing, boom, ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀ ìgbòkun, á fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì pẹ̀lú ipá, ẹni tí ò bá bẹ̀rẹ̀ á fi orí gbà á.

Port ni òsì, starboard ni ọ̀tún, tá a bá kọjú síwájú ọkọ̀. Lálẹ́, iná pupa ni ti port, iná àwọ̀ ewé ni ti starboard. Tí ọkọ̀ onígbòkun méjì bá fẹ́ pàdé, èyí tí atẹ́gùn ń bá láti ọ̀tún ló lọ̀nà, èyí tó ń bá láti òsì ló máa yà fún un. (Kò sí ti "ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́ ni" lójú omi.) Tiller, ọ̀pá tá a fi ń darí ọkọ̀, tẹ́ ẹ bá tì í sósì, ọ̀tún ni ọkọ̀ máa yà sí.

Ọ̀rọ̀ olówó wá ńkọ́? Lóòótọ́ Lagos Yacht Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun ṣeré l'Ékòó, ti wà láti 1932. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Optimist táwọn ọmọdé fi ń kọ́ ọ kárí ayé, plywood ni Clark Mills tó ya àwòrán rẹ̀ ní kí wọ́n fi kàn án ní Florida l'Amẹ́ríkà ní 1947, kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8, ìgbòkun ẹyọ kan ló ní. Káfíńtà Adó wo ló máa sọ pé òun ò lè kàn án? Omi náà wà l'Ékìtì níbí, dáàmù Ero wà, ti Egbe wà. Mo mọ̀ pé omi mímu ni, ìjọba ló sì máa fọwọ́ sí i, àmọ́ ọkọ̀ yìí ò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní da epo sómi ẹnikẹ́ni.

Life jacket ni kọ́kọ́ kí ọmọ tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ o, àní ẹni tó mọ omi wẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kó dì í mú, kó má sọ pé òun ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sétí omi, torí ọkọ̀ ṣì ń léfòó, ó sì rọrùn láti rí ju orí èèyàn lọ.

Ẹ bá wa ya àwòrán ọkọ̀ náà sójú ewé yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ sà, kẹ́ ẹ fi ọfà han ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín l'Ádó-Èkìtì