Lẹ́tà Ìparí Sáà Kìíní: Nípa Màmá Onífúláàsì àti Owó Yàrá Ìtọ́jú

Kubwa, Abuja
Oṣù Kejìlá

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, a sì kí gbogbo ilé. Ẹ kú ìparí sáà, ẹ kú ọyẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó pa àwọn ọmọ wa mọ́ títí di òní.

Ìwé èsì ìdánwò wà nínú báàgì ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń fẹ́ àmójútó. Àwọn ọmọ JS 3 yóò wá fún ẹ̀kọ́ àfikún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìsinmi. A ó wọlé padà ní ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù Kìíní, ní agogo méje ààbọ̀ àárọ̀. Ọmọ tí kò bá gé irun rẹ̀ yóò padà sílé.

Ohun tó mú lẹ́tà yìí gùn ni ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa tó ti fẹ̀yìntì, tí gbogbo ọmọ mọ̀ sí Màmá Onífúláàsì, tó jẹ́ ìpè Ẹlẹ́dàá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Lọ́jọ́ tí a sin ín, mo pàṣẹ kí ẹ̀kọ́ parí ní agogo mọ́kànlá. Mo sì kéde pé yàrá ìtọ́jú tí a fẹ́ kọ́ yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀, àti pé ₦8,000 yóò kún owó ilé-ìwé sáà tó ń bọ̀ nítorí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìpè kò ti dá lórí fóònù mi. Àwọn kan ní obìnrin náà kì í kúkú ṣe òṣìṣẹ́ wa mọ́. Àwọn mìíràn ní kí ló kan ọmọ àwọn nínú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) ẹlòmíràn. Òbí kan tilẹ̀ kọ ọ́ sórí WhatsApp kíláàsì pé ilé-ẹ̀kọ́ ń fi òkú pawó. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ojú gbogbo ènìyàn ni ó ti sọ ọ́, ojú gbogbo ènìyàn náà ni n ó ti fèsì.

SS, irú ẹ̀jẹ̀ tó ń fa àìsàn yìí, ni ẹ̀jẹ̀ Màmá. Nígbà tí wọ́n bí i, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọmọ tó bá ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde kò ní pé ogún ọdún, àbíkú ni wọ́n sì ń pe irú wọn. Ojú gbẹ́rẹ́ tí wọ́n sín fún un nítorí èyí kò parẹ́ ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ọmọ kan bá béèrè, á fi hàn án, á ní, "Ẹ̀rù ló ba bàbá mi." Ìṣirò ni ó kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé ìjọba títí tó fi pé ọdún 60 tó sì fẹ̀yìntì, ṣáájú òfin ọdún 2022 tó sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún 65, lẹ́yìn náà ni ó wá bá wa ṣiṣẹ́. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti bàjẹ́, ọ̀pá ni ó fi ń rìn, síbẹ̀ òun ló kó àwọn ọmọ JS 2 wọ rélùwéè láti Kubwa lọ sí Rigasa ní Kàdúná, tó ń mú wọn ṣírò eré tí ọkọ̀ ń sá láti ibùdó dé ibùdó. Ẹni tó bá sì rí i lójú agbo ijó lọ́jọ́ Sátidé kò ní gbà pé lọ́jọ́ Rú tó ṣáájú, orí bẹ́ẹ̀dì ni ó wà tí wọ́n ń fa omi sí i lára.

Fúláàsì omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kan, aláwọ̀ ewé, tó fi rọ́bà so ìdérí rẹ̀ tó ti là, kì í kúrò lórí tábìlì rẹ̀. Bí agogo bá ti lù, á bu omi sínú ìdérí náà, á mu ún tán, kó tó kọ ohunkóhun sójú pátákó.

Òun ló là mí lójú. Horo ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tó jẹ́ SS máa ń tẹ̀ bíi dòjé, pàápàá nígbà tí omi ara bá dín, tí òtútù bá mú, tàbí tí ibà bá dé. Èyí tó tẹ̀ á dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, ìrora á sì wọ inú egungun. Horo ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ lára àwa yòókù, ọjọ́ 10 sí 20 ni ó ń lò lára wọn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tó wọn. Kíndìnrín wọn kì í sì lè dá omi dúró dáadáa, nítorí náà wọ́n máa ń tọ̀ léraléra. Ìyẹn ló fà á tí mo fi pàṣẹ pé kí ọmọ máa mu omi nínú kíláàsì, kí a má ṣe dá ẹnikẹ́ni tó fẹ́ lọ tọ̀ dúró, kí súwẹ́tà aláwọ̀ èyíkéyìí sì jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà nígbà ọyẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé súwẹ́tà ń ba ẹwà aṣọ ilé-ìwé jẹ́, ẹ mọ bí mo ṣe le lórí ọ̀rọ̀ aṣọ. Èmi yìí náà ni mo fọwọ́ sí i, n kò sì ní yí i padà.

Ní ti ìwé jẹ́nótáìpù (àyẹ̀wò tó ń fi irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ hàn, bí AS tàbí SS) tí a ń béèrè, nọ́ọ̀sì àti èmi nìkan ló ń rí i, a kò sì ní torí rẹ̀ kọ ọmọ kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kò kàn yín, bí bàbá bá jẹ́ AS (ẹni tó lè fi àìsàn náà ran ọmọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní in) tí ìyá náà jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́ SS. Bí àkọ́bí bá sì bọ́, kò ní kí èyí tó tẹ̀lé e bọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó gba ₦8,000 náà. Bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ omi gbígbóná àti owó nọ́ọ̀sì tí yóò máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ẹ̀kọ́ ni a ó fi san. Ọmọ tí orí ń fọ́ àti èyí tó ṣubú lórí pápá yóò lò ó pẹ̀lú. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé e lè san án lẹ́ẹ̀mejì, kó kàn wá rí mi fúnra rẹ̀ kí a tó wọlé. N kì í fetí sí ohùn tí a gbà sórí WhatsApp.

N kò lè ṣàì mẹ́nu ba ọgbà ẹ̀fọ́ wa, tí èmi àti Màmá jọ dá sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, tí n kò tíì rí irú rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan ní Kubwa. Ṣọkọ yọ̀ níbẹ̀, tẹ̀tẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, zogale (mòríńgà) ti ga ju ògiri lọ, àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Ọgbà sì ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Fólétì tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀fọ́ wọ̀nyí, òun kan náà ló wà nínú oògùn folic acid tí Màmá ń lò lójoojúmọ́. Ẹ̀fọ́ kò rọ́pò oògùn o, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń rán mi létí nígbà tí ìdùnnú mi bá pọ̀ jù.

A ó ṣí yàrá náà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àìsàn yìí. Àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ san owó náà sí, ẹ má ṣe fi lé ọmọ tàbí olùkọ́ kankan lọ́wọ́.

A kí yín kú ọdún, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ láyé.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́