Iṣẹ́ tí AI bà jẹ́, ìdajì owó ni wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago 11 alẹ́, àwọn kan tó máa ń gbéṣẹ́ ìtumọ̀ èdè fún mi fi ìwé ìtọ́jú aláìsàn ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ lé ní 6,000, wọ́n ní AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fúnra ẹ̀ túmọ̀ èdè, ti túmọ̀ ẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá tán, kí n ṣáà bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, ìdajì owó làwọn máa san.

Túmọ̀ ẹ̀ tán kẹ̀! Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí wọ́n dá aláìsàn sílẹ̀ kó máa lọlé, ohun tí ẹ̀rọ kọ ni "da aláìsàn sílẹ̀", àfi bí ẹni ń da omi ìdọ̀tí nù. Ìyẹn ṣì pani lẹ́rìn-ín. Ibi tí wọ́n ti ní kó má lo hóró oògùn ju méjì lọ lójúmọ́ ńkọ́? "Má" yẹn pòórá! Gbólóhùn náà ń dán gbinrin, ẹni tí ò bá ka ti Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn ò lè fura láé.

Ohun tí ò yé àwọn ọ̀gá tó ń ṣèpinnu nìyẹn. Téèyàn bá fẹ́ tún iṣẹ́ AI ṣe, ó ní láti ka ti Gẹ̀ẹ́sì, kó ka tẹ̀rọ, kó fi wéra, kó tún wá túmọ̀ èyí tó bà jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ méjì, ìdajì owó! ISO 18587, ìyẹn ìlànà àgbáyé lórí àtúnṣe ìtumọ̀ tí ẹ̀rọ ṣe, tó jáde lọ́dún 2017, sì ti sọ pé ẹni tó máa tún iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ dáńgájíá bí atúmọ̀ gangan, ṣé ìdajì èèyàn ni wọ́n ní kí wọ́n lò ni?

Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹ̀rọ o. Ọjọ́ pẹ́ tá a ti ń lo sọ́fútíwìà tó ń tọ́jú gbólóhùn tá a ti túmọ̀ rí, èmi náà sì ń ní kí AI bá mi wò ó bóyá mo ti fi orúkọ méjì pe nǹkan kan ṣoṣo nínú ìwé gígùn. (Ìwé àṣírí oníbàárà ò gbọ́dọ̀ wọ áàpù ọ̀fẹ́ ṣá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíì nìyẹn.) Àmọ́ látìgbà tí ChatGPT, AI tí gbogbo èèyàn lè bá sọ̀rọ̀, ti jáde ní ìparí 2022, ọ̀gá tí ò gbọ́ èdè kejì pàápàá ti ń sọ fún wa bó ṣe yẹ kíṣẹ́ yá tó.

Lójú tèmi, wákàtí ni kí wọ́n máa fi ṣírò owó iṣẹ́ àtúnṣe, kì í ṣe iye ọ̀rọ̀. Tí ẹ̀rọ bá ṣe dáadáa, a ó tètè parí, owó wọn á kéré. Tó bá bà á jẹ́, ẹni tó lọ lo ẹ̀rọ ló máa san án, kì í ṣe èmi tí mi ò sùn. Kí wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní ojú ìwé mẹ́ta ká fi dán an wò, tá a bá rí i pé kò ṣeé tún ṣe, ká dà á nù, ká túmọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lówó pípé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré tí bíìlì bá ti ga, àwọn fúnra wọn á mọ ìwé tó yẹ kí wọ́n gbé fẹ́rọ. Kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sára iṣẹ́ pé AI ló ṣe é.

Mo dáṣẹ́ yẹn padà fún wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fèsì pé kò burú, àwọn ti rí ẹlòmíì tó bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi ni,
Atúmọ̀ èdè tíṣẹ́ ti sú